Dọ́bù tí mo fọn, tí kì í ṣe dọ́bù

Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, bí mo ṣe fọn fèrè dọ́bù fún ọmọ tí ò ṣe é. Dríbù ni kéèyàn máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bó ṣe ń lọ, dọ́bù sì ni kó tún bẹ̀rẹ̀ òmíì lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ ti parí. Mò ń kọ ọ́ torí látọjọ́ Sátidé yẹn ni mo ti ń tún un wò nínú orí mi, mo ti dùbúlẹ̀ tán oorun ò wá. Ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọbìnrin iléèwé girama ni, n'Ìbàdàn níbí, mi ò ní dárúkọ iléèwé kankan torí àwọn ọmọ yẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kóòtù oníkọnkéré, ìlà ẹ̀gbẹ́ kan ti fẹ́ẹ̀ pa rẹ́ tán, oòrùn mú, eruku wà nílẹ̀. Rẹfirí méjì péré ni wá, èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń fọn fèrè kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ ríìmù, òrùka tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí. Kúọ́tà kẹrin nìyẹn, ó ku sẹ́kọ́ǹdì 38, tíìmù funfun ní 41, tíìmù búlúù ní 40, ọwọ́ funfun sì ni bọ́ọ̀lù wà.

Nọ́ńbà 7 funfun ló ń dríbù bọ̀, ọmọ kékeré kan báyìí tọ́wọ́ ẹ̀ yá bí iná, nọ́ńbà 11 búlúù ló ń máàkì í, ìyẹn ga, apá ẹ̀ gùn bíi pé wọ́n fà á. Wọ́n kọjá ìlà àárín, wọ́n dé orí ìlà póìǹtì mẹ́ta, 11 dí i lọ́nà, ni 7 bá fọwọ́ méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù mú. Dríbù ẹ̀ ti parí nìyẹn, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Èmi ni mo wà lẹ́yìn eré, ẹ̀gbọ́n ti sáré lọ dúró létí ìlà ìsàlẹ̀ lábẹ́ ríìmù. Torí pé 11 ti sún mọ́ ọn gan-an, ohun tó wà láàárín wọn ò tó mítà kan, mo na apá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka sẹ́kọ́ǹdì 5 tí òfin fún ẹni tí wọ́n bá há mọ́ báyẹn. Ení, èjì, ẹ̀ta.

Ní ẹ̀ta yẹn ló fẹ́ páàsì sí ọmọ tíìmù ẹ̀ tó wà ní kọ́nà, ni bọ́ọ̀lù bá yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe pé ó jù ú o, ó yọ̀ ni, òógùn àti eruku. Bọ́ọ̀lù ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ta lẹ́ẹ̀kejì, òun àti 11 jọ kó eré sí i, 7 ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó fọwọ́ òsì tì í mọ́lẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ 11, ó tún dríbù lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń lọ sí ríìmù báyìí. Mo fọn ún. Mo na ọwọ́ sókè, àtẹ́lẹwọ́ ṣíṣí o, torí ẹ̀ṣẹ́ dídì ti fáwùlù ni, mo wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá afẹ́fẹ́ lókè nílẹ̀ lókè nílẹ̀ bí ẹni tó ń lu ìlù tí ò sí níwájú ẹ̀, mo nàka síbi tí búlúù ń kọjú sí.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ níbí. Àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù ti ń ké "Dọ́bù! Dọ́bù!" kí fèrè mi tó dún. Mi ò sọ pé àwọn ló fọn ún fún mi, àmọ́ mi ò lè búra pé etí mi ò gbọ́.

Kóòṣì funfun, màmá kan tí kì í sábà pariwo, jáde síwájú bẹ́ǹṣì ẹ̀, ó ní "Ó kàn án! Rẹfirí, ó fọwọ́ kàn án!" Mo rò pé ohun tí gbogbo kóòṣì máa ń sọ náà ló ń sọ. Ẹ̀gbọ́n rìn wá bá mi, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Àbúrò, ṣé kò sẹ́ni tó kàn án?" Mo ní, "Ó dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n." Irọ́ ni, kò dá mi lójú. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọmọ yẹn ti gbá bọ́ọ̀lù mú, pé ó sì tún dríbù lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, mi ò rí i. Ẹ̀gbọ́n ní kò burú, ó padà síbi tó wà. Búlúù gba bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú 24 tuntun, ìyẹn sẹ́kọ́ǹdì 24 tí tíìmù ní láti ju bọ́ọ̀lù sí ríìmù, wọ́n yí i ká yí i ká, wọ́n sọ ọ́ wọlé nígbà tó ku sẹ́kọ́ǹdì 17. Funfun sáré lọ, èyí tí wọ́n jù kẹ́yìn lu ríìmù, ó fò jáde. 42 sí 41.

Ó yá, òfin ńkọ́. Ti FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, là ń lò, Abala 24 ló ń sọ̀rọ̀ dríbù. Ó ní dríbù bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tí bọ́ọ̀lù wà níkàáwọ́ ẹ̀ bá jù ú sílẹ̀, tàbí tó tì í, tó yí i nílẹ̀, tàbí tó gbá a mọ́lẹ̀, tó wá tún fọwọ́ kàn án kí ẹlòmíì tó kàn án. Ó parí nígbà tó bá fọwọ́ méjèèjì kàn án lẹ́ẹ̀kan náà tàbí tó jẹ́ kó sinmi sọ́wọ́, ì báà jẹ́ ọwọ́ kan. Tó bá ti parí, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ òmíì, àfi tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ níkàáwọ́ ẹ̀ nítorí ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta: kó jẹ́ pé ó jù ú sí ríìmù, kó jẹ́ pé alátakò fọwọ́ kàn án, tàbí kó jẹ́ pé páàsì ẹ̀ tàbí èyí tó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kan ẹlòmíì, ì báà jẹ́ ọmọ tíìmù ẹ̀ náà.

Ẹ wo ìkẹta yẹn dáadáa torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń jà. Ọ̀pọ̀ rò pé tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó ti bọ́ nìyẹn, ẹ̀tọ́ dríbù ẹ̀ ti padà. Rárá o. Bíbọ́ nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ kan ẹlòmíì kó tó padà. Tí kò bá kan ẹnikẹ́ni, ọmọ yẹn lè sáré lé e, kódà kó gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, kì í ṣe tráfẹ̀lì, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ gbígbé bọ́ọ̀lù dání rìn, torí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, ó lè gbé e nílẹ̀, àmọ́ tó bá ti gbé e, páàsì ló kù tàbí kó jù ú sí ríìmù. Àwọn kan tún wà lódìkejì tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí i pé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ti gbá a mú, tó sì tún gbé e, wọ́n á ti ké dọ́bù. Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀, gbígbé bọ́ọ̀lù tó yọ̀ bọ́ kì í ṣe dríbù. Tó bá sì jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ló ti yọ̀, wọ́n páàsì sí i, bọ́ọ̀lù já lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó dríbù rárá, ó gbé e, dríbù ẹ̀ ṣì wà pérépéré.

Ká rántí ibi tọ́rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Nígbà tí James Naismith gbé eré yìí kalẹ̀ ní Springfield lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá 1891, kò sí dríbù nínú òfin 13 tó kọ. Ohun tó kọ ni pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù sáré, ibi tó bá ti mú un ni kó ti jù ú. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré ló wá rí ọgbọ́n dá sí i, wọ́n ń jù ú sílẹ̀ níwájú ara wọn, wọ́n ń lé e mú. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fáwọn tí mò ń kọ́ pé ẹ máa wo dríbù bíi páàsì téèyàn ń ṣe sí ara ẹ̀. Páàsì sí ara ẹni, òfin fàyè gba ìrìn àjò kan ṣoṣo. Tẹ́nìkan bá ti dá sí i láàárín, ìrìn àjò yẹn ti di ti gbogbo ayé, òmíì lè bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lórí ìka ọwọ́ nọ́ńbà 11.

Lẹ́yìn eré, bá a ṣe ń bọ́ ẹ̀wù rẹfirí, ọmọkùnrin kan wá bá wa, ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ funfun, ó kí wa dáadáa, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo nǹkan." Ẹ̀yìn ìlà ìsàlẹ̀ ló jókòó sí, ní igun apá ọ̀tún, ó ti fi fóònù ká gbogbo kúọ́tà kẹrin. Ẹ̀gbọ́n ní kó mú un wá. Ó fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ 7, ẹ ń rí àwọn ìlà dúdú ara ẹ̀ tí wọ́n ń yí lọ sọ́nà ìlà ẹ̀gbẹ́, ó ta nílẹ̀, ó ń lọ síta. Apá gígùn yẹn wá kọjá níwájú ẹ̀. Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ìka ẹni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn tó gbóná. Àwọn ìlà dúdú yẹn dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sọ́nà ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù ta lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ òsì 7 ló bọ́ sí.

A wò ó tó ìgbà mẹ́fà. Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe pé 11 kàn án nìkan, kíkàn tó kàn án yẹn gan-an ló jẹ́ kí 7 kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ká ní ó fi í sílẹ̀ ni, ọ̀nà ìta ni bọ́ọ̀lù yẹn ń lọ, tíìmù ẹ̀ ì bá sì gbà á láìsí wàhálà. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù, torí bọ́ọ̀lù kì í ṣàdédé yí ọ̀nà padà lórí kọnkéré tó tẹ́jú. Mi ò nílò kí n rí ìka. Mo nílò kí n rí i pé bọ́ọ̀lù tó ń lọ sósì ti ń bọ̀ wá sọ́tùn-ún.

Ìdájọ́ ẹ̀ rèé: alátakò kàn án, ó ti bọ́ níkàáwọ́ 7, 7 lẹ́tọ̀ọ́ sí dríbù tuntun, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, kí eré máa lọ. Fèrè mi ló ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò ronú sí. Ó ní ká gbà pé 11 ò kàn án, ṣé títì tí 7 kọ́kọ́ fọwọ́ òsì tì í yẹn ti tó dọ́bù ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n fara balẹ̀. Òfin ní téèyàn bá ń fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù kúrò láàárín àwọn tó ń dù ú kó lè rí i mú, ìyẹn kì í ṣe dríbù, torí kò tíì sí níkàáwọ́ ẹ̀, ó ń wá a ni. Tí 7 bá tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kúrò níwájú 11, tó wá fọwọ́ méjèèjì gbé e, òun ò ní fọn ún. Èyí tó tẹ̀ lé e ló máa di dọ́bù, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mejì tó gbá a mọ́lẹ̀ tó fi ń lọ sí ríìmù, torí nígbà yẹn ó ti ní in, ó ń darí ẹ̀. Mo rí i pé èmi ti fọn ún láti àkọ́kọ́ ní tèmi, lójú mi ó ti dríbù lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọn ún, àmọ́ nínú fídíò náà fèrè mi dún lẹ́yìn títì yẹn, kó tó gbá àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ẹ̀mejì náà. Tó túmọ̀ sí pé ká ní 11 ò tiẹ̀ kàn án rárá, mo ṣì yára jù.

Kí ló dé tí mi ò rí i? Ibi tí mo dúró sí ni. Mo wà lẹ́yìn 7 gan-an gan-an, èmi, òun, 11, bíi pé wọ́n to wá sórí okùn kan. Ẹ̀yìn aṣọ funfun tó ní 7 lára ni mò ń wò, bọ́ọ̀lù àti ọwọ́ 11 wà níwájú ẹ̀ níbi tójú mi ò dé. Ìṣísẹ̀ méjì péré sí ẹ̀gbẹ́ ni ì bá fi àlàfo tó wà láàárín wọn hàn mí. Ṣùgbọ́n mò ń ka sẹ́kọ́ǹdì 5, apá mi ń lọ, ẹsẹ̀ mi dúró, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí nǹkan bá ti ń le lópin eré, èèyàn á kàn dúró síbi kan bí òpó iná. "Àárín wọn ni kó o máa wò, kì í ṣe ẹ̀yìn èèyàn," bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò pariwo mọ́ mi. Òun náà ò rí i, àmọ́ òun ò jẹ̀bi, àwọn ọmọ méjì kan ń ti ara wọn lábẹ́ ríìmù, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wo ìyẹn.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé kò ṣeé tún ṣe ni. Kò ṣeé tún ṣe lẹ́yìn tí eré ti parí. Àṣìṣe tí ìwé òfin gbà kí rẹfirí padà tún ṣe, fírítírò, ìyẹn jíju bọ́ọ̀lù sí ríìmù láìsẹ́ni tó ń díni lọ́wọ́, ló dá lé lórí àti póìǹtì tí wọ́n kọ ṣì tàbí tí wọ́n fagi lé láìtọ́, dọ́bù ò sí níbẹ̀. Ìwé ẹ̀hónú náà ò gbà á, ìyẹn tí kápútéènì máa ń buwọ́ lù láàárín ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn eré, ọ̀rọ̀ aago àti àkọsílẹ̀ póìǹtì ni tiẹ̀, tàbí pé ẹni tí ò yẹ kó gbá a ló gbá a. Kódà níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ fídíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, rẹfirí ò lè lọ wò ó nítorí dọ́bù. Ibi kan ṣoṣo tó ṣeé tún ṣe ni ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wá bá mi yẹn, kí n sọ pé "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí àárín wọn." Òun ò lè fi agbára yí ìpinnu mi padà, òfin ò fún un, ṣùgbọ́n èmi lè yí i. À bá gbà pé fèrè yẹn ṣèèṣì dún, à bá dá bọ́ọ̀lù padà fún funfun létí ìlà ibi tó sún mọ́ ọn jù. Màmá kóòṣì yẹn ti sọ òótọ́ fún mi lójú gbogbo èèyàn, mo wá fi í sípò aláriwo.

Ẹnì kan fẹ́ tù mí nínú, ó ní kí n lọ wo ti LeBron James, gbajúmọ̀ tó ń gbá a fún Lakers ní NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà. Lóòótọ́ ni o, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 2019, Lakers àti Utah Jazz ń gbá a ní Salt Lake City, LeBron kọjá ìlà àárín, ó fọwọ́ sábẹ́ bọ́ọ̀lù, ó gbé e dání, ó rìn bí ẹni tó ń gba ọjà lọ, ó tún wá ń dríbù lọ. Bojan Bogdanovic tó ń máàkì í na ọwọ́ méjèèjì bíi pé kí ni mò ń wò yìí. Rẹfirí mẹ́ta ló wà ní kóòtù, kò sẹ́ni tó fọn. Àwọn tó ń bójú tó rẹfirí NBA fúnra wọn sọ lórí Twitter pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó yẹ kí wọ́n fọn ún, LeBron náà gbà, ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe é. Mo wo fídíò ẹ̀ mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jọ tèmi. Tiwọn, nǹkan wà níbẹ̀ wọn ò fọn. Tèmi, nǹkan ò sí níbẹ̀ mo fọn, tí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi kí ó tó bọ́ mo ní ó dá mi lójú.

Mo lọ bá kóòṣì funfun kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní "Ẹ má bínú mà, ó kàn án lóòótọ́." Ó wò mí, ó ní "Mo mọ̀." Ó kàn sọ bẹ́ẹ̀, ó yíjú sí àwọn ọmọ tó ń kó báàgì. Mo ti fẹ́ máa lọ nígbà tí nọ́ńbà 7 kọjá, ó ti wọ sílípáàsì, ojú ẹ̀ ṣì pọ́n, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, ó ní "Ẹ kú iṣẹ́ sà."

Mo ní "Nọ́ńbà 7, dríbù tó o ṣe yẹn, kì í ṣe dọ́bù."

Ó dúró. "Ṣé kì í ṣe dọ́bù lóòótọ́ sà?"

"Kì í ṣe dọ́bù. Èmi ni mo ṣì í fọn."

Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà lẹ́yìn, ó gbá a lápá. "Ṣó o rí i? Mo sọ fún ẹ!"